Kí ló dé tí Eti-Osa fi ṣófo nínú macro SAS mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Yábà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń ṣe àkójọ dátà ìlera. Mo to orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní ìpínlẹ̀ Èkó sínú macro kan (kóòdù tó ń kọ kóòdù mìíràn fúnra rẹ̀) nínú SAS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìtúpalẹ̀ dátà, kó máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì kó àwọn aláìsàn ibẹ̀ sínú dataset (tábìlì dátà) tiwọn. Dataset 27 ló jáde! Surulere àti Mushin pé pérépéré, àmọ́ mi ò rí ẹnì kankan fún Eti-Osa àti Lagos Island. Kò sí ERROR nínú log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí SAS ṣe. Ọ̀gá wa ti ń sọ pé àwọn tó ń tẹ dátà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni kò ṣiṣẹ́ wọn. Ohun tí mo kọ nìyí:

%let ib = %scan(&lga, &i);
data &ib;
  set alaisan;
  where lga = "&ib";
run;

Ìdáhùn: Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín, kí wọ́n má tíì bá ẹnikẹ́ni wí. Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ló ń gé orúkọ sí méjì.

Bí ẹ kò bá sọ àmì tó pààlà láàrin orúkọ kan àti èkejì fún %scan, tó ń mú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan látinú àkójọ, fúnra rẹ̀ ló máa yàn: àlàfo, dáàṣì, kọ́mà àti àwọn àmì mìíràn bẹ́ẹ̀. Bí Eti-Osa ṣe di Eti, tó tún di Osa, nìyẹn. Nínú orúkọ 20 wa, 8 ló ní apá méjì: Ajeromi-Ifelodun, Amuwo-Odofin, Eti-Osa, Ibeju-Lekki, Ifako-Ijaiye, Oshodi-Isolo, Lagos Island àti Lagos Mainland. Àwọn 8 yìí di 16. Ẹ fi 12 tó kù kún un, ó di 28. Ibo wá ni ọ̀kan wọlé sí tí ẹ fi rí 27? “Lagos” ló wáyé lẹ́ẹ̀mejì, èkejì sì pa àkọ́kọ́ rẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Iye tí ẹ kà yẹn gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí fún mi.

SAS ò ní pariwo, torí wíwá ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ “Osa” kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú rẹ̀. Kò kàn rí i ni. Ẹ padà sínú log, ẹ ó bá irú èyí níbẹ̀:

NOTE: There were 0 observations read from the data set WORK.ALAISAN. WHERE lga='Osa';

Ọ̀pọ̀ wa kì í ka NOTE. Ẹ tan èyí náà kí ẹ tó tún macro náà ṣe:

options mprint mlogic symbolgen;

MLOGIC á sọ fún yín pé “stop value is 28”, SYMBOLGEN á sọ pé IB “resolves to Eti”, MPRINT á sì tẹ kóòdù tí macro kọ jáde gan-an. Ẹ pa á tí ẹ bá ṣe tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ log yín á gùn kọjá kíkà.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi àmì | pààlà àwọn orúkọ náà, bíi Agege|Eti-Osa|Lagos Island, kí ẹ sì dárúkọ àmì náà níbi méjèèjì, níbi tí ẹ ti ń kà wọ́n àti níbi tí ẹ ti ń mú wọn:

%do i = 1 %to %sysfunc(countw(&lga,|));
%let ib = %scan(&lga,&i,|);

Ẹ má tíì sáré o. “data &ib;” á wá di “data Eti-Osa;”, SAS á sì kọ̀ ọ́, torí dáàṣì ò gbọdọ̀ sí nínú orúkọ dataset. Ti Lagos Island burú jù: “data Lagos Island;” á dá dataset méjì sílẹ̀, Lagos àti Island, ohun kan náà ló sì máa wà nínú méjèèjì, láìsí ERROR. Ẹ fi nọ́ńbà sọ wọ́n lórúkọ, kí ẹ fi orúkọ gidi ṣe label:

data ijoba&i(label="&ib");

Bí ẹ bá sì ní %if níbì kan, ẹ kọ ọ́ báyìí: %if "&ib" = "Eti-Osa". Láìsí àmì " " yẹn, SAS á rò pé ẹ fẹ́ yọ Osa kúrò lára Eti ni.

Bí Eti-Osa bá ṣì ṣófo lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ṣe proc freq lórí lga, kó ka iye ìgbà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wáyé. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti tẹ “Eti Osa” tàbí “ETI-OSA”, lójú SAS, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.