Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń gòkè wá sí mi lẹ́nu nínú ààwẹ̀: ṣé kí n san án padà?

Ìbéèrè: As-salāmu alaykum, Ààfáà wa. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ikọ́ ti ń bá mi fà á. Àyà mi dí, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń hó nínú rẹ̀ bí ìkòkò ẹ̀kọ. Lọ́sàn-án ó máa ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lóru, èmi àti bàbá àwọn ọmọ kì í fojú kan oorun. Nínú ààwẹ̀ yìí, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á gòkè, n ó sì ti gbé e mì kí n tó mọ̀. Lánàá, nídìí àṣámù, ìrun alẹ́ Ramadan, mo wúkọ́ títí gbogbo sàfù fi ń wò mí. Mo jáde, mo sunkún délé. Ẹnì kan ní ìrun mi ti bàjẹ́, àti pé kí n san gbogbo ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán padà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salām. Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, kí Ọlọ́hun fún yín ní àlàáfíà. Ẹ má san ọjọ́ kankan padà nítorí kẹ̀lẹ̀bẹ̀.

Èyí tó gba ọ̀fun kọjá kí ẹ tó mọ̀ kò sí lọ́wọ́ yín, Ọlọ́hun kò sì làbọ ẹ̀mí kan lọ́rùn àyàfi ìwọ̀n agbára rẹ̀. Ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn ni èyí tó ti dé ẹnu, tí èèyàn lè tu dànù, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ gbé e mì. Nínú àwọn ìjọ onímọ̀ òfin ẹ̀sìn wa, àwọn Sháfíì ní ó ba ààwẹ̀ jẹ́. Àwọn Hánáfì ní kò bà á jẹ́. Nínú Màlíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé nílẹ̀ Yorùbá, àwọn kan ní kí olúwa rẹ̀ san án, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn àgbà ibẹ̀ gbára lé ni pé kò bà á jẹ́. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé èyí tó bá dé ẹnu, ẹ tu ú sínú tíṣù kí ọkàn yín lè balẹ̀. Èyí tó bá ti lọ, ó ti lọ. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gbin, kì í sì í ba àlùwàlá jẹ́.

Ẹkún tí ẹ sun délé yẹn ló dùn mí jù. Anas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, sọ ọ́, ó sì wà nínú Bukhari, ìwé àkójọ hádíìsì, pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lára ògiri mọ́sálásí níbi tí wọ́n ń dojú kọ kírun. Ó dùn ún débi pé wọ́n rí i lójú rẹ̀. Ó dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha á kúrò. Ó ní ẹni tó ń kírun, Olúwa rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà kí ó má tutọ́ síwájú, kí ó tu ú sí òsì tàbí sábẹ́ ẹsẹ̀. Ó wá mú etí aṣọ ìbora rẹ̀, ó tutọ́ sí i, ó ṣẹ́ ẹ po, ó ní: “Tàbí kí ó ṣe báyìí.”

Ìyá wa, kò lé ẹni tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń yọ lẹ́nu jáde. Ó kọ́ wọn ní ọ̀nà tí wọn yóò gbà ṣe é ni. Kápẹ́ẹ̀tì ló wà ní mọ́sálásí tiwa, nítorí náà etí aṣọ yẹn nìkan ló kù fún wa. Ẹ mú tíṣù dání lọ́wọ́ òsì, ẹ tu ú sí i, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ máa bá ìrun yín lọ. Ikọ́ tó wá fúnra rẹ̀ kì í ba ìrun jẹ́. Tó bá já Fátíhà gbà mọ́ yín lẹ́nu, ẹ mú un láti ibi tó ti já. Tó bá sì le, ẹ ki àṣámù nílé, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìyá ni ojú ń tì láti béèrè èyí tó kàn, nítorí náà n ó fi kún un: bí ikọ́ bá mú kí ìtọ̀ kán, àlùwàlá ti bàjẹ́, ẹ tún un ṣe. Àfi bó bá jẹ́ pé kì í dá ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nígbà náà àwọn Màlíkì ní kò bà á jẹ́.

Ní ti òru, bí ẹ bá sùn gbalaja, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń ṣàn sí ọ̀nà ọ̀fun ni. Ẹ to ìrọ̀rí kí orí àti èjìká ga. Lẹ́yìn ìṣínu, ẹ máa mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dáadáa kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè rọ̀. Ṣíbí oyin kan kí ẹ tó sùn dára, Alùkùráánì sọ nínú Súrà Naḥl pé ìwòsàn wà nínú rẹ̀ fún àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1. Ẹ lè fi Robb pa àyà lọ́sàn-án. Omi gbígbóná tí à ń fi aṣọ borí fa oru rẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ di alẹ́, nítorí àwọn Màlíkì ní oru tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fà dé ọ̀fun ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹ lo oògùn ní sààrì àti ìṣínu. Bí dókítà bá ní ó di dandan kí ẹ lò ó lọ́sàn-án, ẹ ṣínu, kí ẹ san án lẹ́yìn Ramadan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn ikọ́ oní-codeine fún yín: ó ń pani bí ọtí, ìjọba Nàìjíríà sì ti fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé láti 2018.

Ànábì ní kí a máa wá ìwòsàn. Bí èémí bá ń há, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí. Bí ẹ bá ń rù, tí òógùn ń bò yín lóru, tàbí tí ikọ́ náà bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ní kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín wò bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti lọ nínú mẹ́rìnlá yẹn. Bó bá pé, ẹ má dúró de ìtúnu ààwẹ̀.