Kí ló dé tí àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Leonardo da Vinci yà fi tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lára ògiri?

Orí ògiri tó ti gbẹ ni Leonardo ya á sí, nítorí náà àwọ̀ rẹ̀ ò wọnú ògiri. Ṣe ló lẹ̀ mọ́ ọn lára bí èépá.

Ọ̀nà tí àwọn ayàwòrán Ítálì mọ̀ dunjú nígbà náà ni fresco. Wọ́n á fi ẹfun òkúta jíjó àti yanrìn rẹ́ ìwọ̀nba ibi tí wọ́n lè yà tán lóòjọ́, wọ́n á fi omi lásán po àwọ̀, wọ́n á sì kùn ún kí ibẹ̀ tó gbẹ. Bó bá ṣe ń gbẹ, á máa le bí òkúta, tòun tàwọ̀ nínú. Àmọ́ fresco ò gba ìjáfara, Leonardo sì fẹ́ máa yà, kó máa tún un ṣe, títí òjìji àti ìmọ́lẹ̀ á fi rí bó ṣe fẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi lo àwọ̀ tí wọ́n fi ẹyin àti òróró pò. Ọ̀rinrin inú ògiri yàrá ìjẹun tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria delle Grazie ní Milan, níbi tó ya á sí, ló wá ń ṣí i díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1498 ni Leonardo yà á parí. Nígbà tó fi máa di 1517, ó ti ń bàjẹ́. Àtúnṣe ńlá tí wọ́n ṣe sí i gba ọdún 21, láti 1978 sí 1999.

Fresco gan-an ò bọ́ nínú ìṣòro yìí pátápátá: orí ògiri tó ti gbẹ ni wọ́n sábà ń kun àwọ̀ búlúù azurite sí, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣí.