Ọ̀gọ̀dọ̀ tó gbẹ, ẹja inú rẹ̀ ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gọ̀dọ̀ kan wà nínú igbó lórí ilẹ̀ tí mo rà lẹ́yìn Warri, kò mu ènìyàn dé orúnkún. Ẹja wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, ara akọ wọn ń dán bí aró pẹ̀lú tó-tò-tó pupa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á gbẹ. Bí òjò bá dé, ẹja á tún wà. Mo fẹ́ gbẹ́ ẹ jìn láti fi sin ẹja àrọ̀. Ṣé àwọn kéékèèké náà á yè é?

Ìdáhùn: Wọn ò ní yè é. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe wọn, ẹbí Fundulopanchax ni wọ́n, tí àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ ń pè ní killifish. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní arnoldi, tí Boulenger, onímọ̀ nípa ẹranko, kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 1908 láti ara ẹja tí wọ́n mú ní Warri yín níbẹ̀. Gúúsù Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé, ibùgbé rẹ̀ sì ń dín kù.

Ẹyin ló ń gba ẹ̀ẹ̀rùn kọjá. Kí omi tó tán, abo á ti yé e sínú ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà. Kò tó hóró ọkà bàbà, èèpo rẹ̀ sì le. Ọmọ inú rẹ̀ á dá dídàgbà dúró fúngbà kan, bí irúgbìn tó ń retí òjò. Lẹ́yìn bí oṣù méjì sí mẹ́ta, tí omi bá bò ó, ọ̀pọ̀ á pa láàárín wákàtí díẹ̀.

Àmọ́ ẹrẹ̀ tó lọ́rinrin ló ń gbé ẹyin náà dúró, kì í ṣe eruku. Bí ẹ bá bu ẹrẹ̀ ibẹ̀ lóṣù Kejì tẹ́ ẹ fún un, omi kò ní ro, ṣùgbọ́n yóò ṣì tutù lọ́wọ́. Ibòji igi ló ń mú un rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gé igi etí omi, tó gbá ewé dànù, ti yan ẹyin lóòrùn láìfọwọ́ kan ẹja kankan.

Ti gbígbẹ́ tún burú jù: ẹyin á bá erùpẹ̀ lọ sórí òkìtì, ẹja àrọ̀ á sì gbé ìyókù mì. Ẹ gbẹ́ tiyín sí ibòmíràn tó ga díẹ̀, kẹ́ ẹ mọ bèbè yí i ká kí àkúnya má baà so omi méjèèjì pọ̀. Ẹ má fọ táǹkì oògùn apakoríko níbẹ̀, ẹ má sì da kẹrosíìnì sí i nítorí ẹ̀fọn. Tanwíjí wà lára oúnjẹ ẹja yìí.

Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ mú akọ kan àti abo méjì sínú ike lítà 20 tó kún fún omi òjò. Ẹ dé e, nítorí wọ́n ń fò. Ẹ se irun èèpo àgbọn, ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ bí sẹ̀ǹtímítà méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, ẹ kó o, ẹ rọra fún un, ẹ pín in sínú ọ̀rá méjì, ẹ kọ ọjọ́ sí wọn, ẹ gbé wọn síbi òkùnkùn. Ní ọ̀sẹ̀ 12, ẹ da omi sí ọ̀kan. Bí ọmọ bá ń wọ́ nílẹ̀ ike dípò kó lúwẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ti yára jù. Ẹ fún ọ̀rá kejì ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.