Ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́: ìran wo ló dópin?

Ìyàwó ilé kan tó ń gbé ní Àjàṣẹ́, tó fẹ́ ọmọ Kétu, béèrè nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó agọ̀ àwa Yorùbá, pé: "Ìyá ọkọ mi máa ń sọ pé, 'Ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran.' Ṣé kì í ṣe pé ìran ẹni tó bá wò ó yóò parun?"

Rárá o, ìyàwó wa. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìran méjì ló dọ́gba létí: ìran tí à ń bí, ti ìrandíran, àti ìran tí à ń wò. Ìran wíwò ni òwe yìí ń sọ. Ẹni tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí èyí tó ju gbogbo ìran lọ.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ ná. Ọkùnrin ló ń jó o, ṣùgbọ́n aṣọ obìnrin ló wà lọ́rùn rẹ̀, ère gbígbẹ́ lórí, ṣaworo irin lọ́rùn ẹsẹ̀. Lórí ère náà, ẹ lè rí ejò tó ń bá ẹyẹ jà, ẹ sì lè rí aránṣọ nídìí ẹ̀rọ tàbí ẹni tó gun alùpùpù. Ibi tó máa ń wọ̀ mí lára jù ni ti ẹsẹ̀: ohun tí ìyáàlù bá sọ ni ẹsẹ̀ oníjó gbọ́dọ̀ sọ, kí àwọn méjèèjì sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́kù sẹ́yìn ìlù, gbogbo ọjà ló máa mọ̀.

Òru ni Ẹ̀fẹ̀, apá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jẹ́ ti orin àti àwàdà, ń jáde. Ẹlẹ́fẹ̀, akọrin rẹ̀, á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, ìyẹn àwọn obìnrin alágbára àràmàǹdà, kó tó wá fi orin na olè, òpùrọ́ àti olóyè tó jẹ owó ìlú. Ẹni tí orin bá bà kò gbọdọ̀ bínú, ẹ̀fẹ̀ ni.

Àwọn ìyá yẹn gan-an ló ni eré. Agbára wọn lè fúnni lọ́mọ, ó sì lè ba nǹkan jẹ́. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe ipá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe é lẹ́yìn ìkórè, tí a sì ń ṣe é bí ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú. Obìnrin, Ìyáláṣẹ̀, ni olórí ẹgbẹ́. Lójú tèmi, ojú àwọn ìyá ni òwe náà kọ́kọ́ ń bá wí: ìran tí yóò tẹ́ wọn lọ́rùn kò lè jẹ́ ìran kékeré. UNESCO náà kéde rẹ̀ ní 2001 pé ogún aráyé ni.

Ẹ má fi wé Orò, tí obìnrin kì í wò. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń fẹ́ kí obìnrin wò ó. Ẹ pọn ọmọ yín lọ, kí ẹ sì tètè dé ọjà kí ẹ lè ríbi dúró.