Ta ni Linda Caicedo?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Linda Caicedo yìí tí àbúrò mi ń pariwo ẹ̀ ṣáá, ṣé lóòótọ́ ni jẹjẹrẹ ti mú un rí?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni o. Ọmọ Kòlóńbíà ni, 2005 ni wọ́n bí i, ọmọ ọdún 14 ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún América de Cali, ìgbà tó pé 15 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ nílé ẹyin ẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì padà sórí pápá. Kòlóńbíà tiwọn ló fi pẹnáritì lé Flamingos wa, ìyẹn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn ò ju 17 lọ, jáde ní sẹmi fáínà Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù àwọn ọmọbìnrin náà ní 2022, ó ṣì ń dùn mí! Real Madrid gbà á ní 2023. Ṣùgbọ́n góòlù tó gbá wọlé Jámánì ní Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù àwọn àgbà obìnrin ọdún yẹn, áà, ó gé èèyàn méjì kó tó gbá a sókè igun àwọ̀n, ẹ ṣáà wá a wò.