Ẹ Bi Wá: Rédíò Tó Ń Gbọ́ Ọ̀nà Jíjìn Lóru

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo jogún rédíò àtijọ́ kan lọ́wọ́ bàbá mi, orí AM ni mo sì máa ń fi í sí, nítorí pé mo fẹ́ràn kí n máa wá àwọn ilé iṣẹ́ tó jìnnà kiri. Lọ́sàn-án, bí mo bá yí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ilé iṣẹ́ kan tàbí méjì péré ni mo máa ń rí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á wá di ọjà: mo ń gbọ́ Faransé, mo ń gbọ́ Haúsá, mo ń gbọ́ èdè tí n kò mọ̀. Láìpẹ́ yìí, ariwo kan tó ń dún bí ìgbà tí àkàrà bá wà nínú epo gbígbóná ti bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ṣé rédíò náà ti gbó ni? (Òǹkàwé yín, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Rédíò yín kò tíì gbó, ẹ má sì tíì gbé e fún ẹni tí yóò tú u palẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ sí i. Oòrùn ló ni ọ̀kan, iná mànàmáná ló ni èkejì.

Ìgbì AM máa ń fi ilẹ̀ rìn, ó sì máa ń gòkè lọ sójú ọ̀run. Èyí tó ń fi ilẹ̀ rìn kì í lọ jìnnà púpọ̀, òun sì ni ẹ fi ń gbọ́ Ìlọrin tàbí Ìbàdàn lọ́sàn-án. Èyí tó gòkè kì í dé ibi kankan ní ọ̀sán, nítorí pé ìtànṣán oòrùn máa ń dá ìpele kan sílẹ̀ ní òfúrufú, ní nǹkan bí kìlómítà 60 sí 90 sókè, tí í máa fa ìgbì náà mu bí iyanrìn ṣe ń fa omi mu. Bí oòrùn bá wọ̀, kì í pẹ́ tí ìpele yìí fi ń pòórá, ìgbì á sì rí àyè kọjá lọ bá àwọn ìpele tó wà lókè rẹ̀, tí wọn kì í mu ún, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń ta á padà sílẹ̀ bí ògiri ṣe ń ta bọ́ọ̀lù, títí yóò fi balẹ̀ sí ibi tó jìnnà gan-an sí ibi tó ti gbéra. Edward Appleton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ẹ̀rí èyí múlẹ̀ ní ọdún 1924, nígbà tí BBC ń ta ìgbì jáde láti Bournemouth, tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ sí Oxford láti wọn ohun tó ń padà bọ̀ láti òkè. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí ojú òfúrufú yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1947. Ojú ọ̀run náà kì í dúró sójú kan, ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń lọ tó ń bọ̀ létí yín lóru.

Ẹ dán nǹkan kan wò. Eríàlì gígùn tí ẹ ń fà yọ kò ṣe nǹkan kan fún AM. Inú rédíò ni eríàlì AM wà, ọ̀pá dúdú kan tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín wé, tó dùbúlẹ̀ ní ìbú. Bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá yìí bá kọ sí ilé iṣẹ́ kan, ohùn á já gaara. Bí orí rẹ̀ bá nà sí i, ohùn á kú. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni Ìlọrin wà, Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin sì wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn, ní nǹkan bí kìlómítà 220 bí a bá nà án tààrà. Nítorí náà, bí ẹ bá na orí ọ̀pá náà sí Ìlọrin kí ó lè dákẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti kọ sí Parakou nìyẹn, níbi tí Trans World Radio ti ń sọ̀rọ̀ lórí 1566.

Ní ti ariwo, gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú, ṣájà fóònù, tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ àti inverter ni ẹ fura sí. Èmi náà ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo pa gílóòbù yàrá, ó ń dún. Mo yọ ṣájà, ó ń dún. Mo pa iná ilé pátápátá, tí rédíò ń lo bátìrì, síbẹ̀ ó ń dún. Mo wá ń gbé rédíò náà káàkiri bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, títí mo fi rí i pé ẹ̀gbẹ́ ògiri aládùúgbò mi ló ti ń pariwo jù. Inverter rẹ̀ ni. N kò lè ní kí ó jókòó sínú òkùnkùn nítorí eré tèmi, mo bá gbé àga lọ sí ìdí igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ariwo náà sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Bí iná bá lọ ní gbogbo àdúgbò, kí ẹ tètè gbé rédíò yín jáde kí àwọn ènìyàn tó tan jẹnẹrétọ̀; ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi nìkan ni inú mi máa ń dùn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi rédíò tuntun kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú. Mo ń wá 756 tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ Rédíò Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n láti 750 ló ń fò bọ́ sí 760. (Ìyá àgbà kan, Owódé, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú orí ire ọmọ. Ní Amẹ́ríkà, mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń pín ojú AM. Lọ́dọ̀ tiwa ní Áfíríkà, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni, láti 531 títí dé 1602. Ẹ fi 9 pín 756, 84 géérégé ni yóò fún yín. Ọ̀pọ̀ irú rédíò bẹ́ẹ̀ ló ní ibi tí a ti ń yí 10 padà sí 9, ìwé pélébé tó bá a wá ni yóò sì sọ bọ́tìnnì tí a ó tẹ̀. Ẹ fi lé ọmọ-ọmọ yín kan lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé ẹ̀rọ síkánà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ òfúrufú àti ti ọlọ́pàá. Ṣé kí n tọ́jú owó kí n fi rà á? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ti awakọ̀ òfúrufú, AM náà ni wọ́n sì ń lò títí di òní, láàárín megahertz 118 sí 137, òkè ibi tí FM parí sí. Ìdí kan tí wọn kò fi jáwọ́ nínú rẹ̀ ni pé bí ènìyàn méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí AM, ohùn méjèèjì á dàpọ̀ mọ́ra pẹ̀lú ìfé, ẹni tó ń gbọ́ á sì mọ̀ pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Lórí FM, èyí tó lágbára ló máa ń rì èkejì. Tààrà ni ìgbì yìí ń rìn, nítorí náà ẹ lè má gbọ́ ẹni tó wà nílẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú Ìlọrin, kí ẹ sì gbọ́ ẹni tó wà nínú bàálù tó ń fò ní ibi tó lé ní kìlómítà 300 sí yín.

Ẹ fi ti ọlọ́pàá àti ti ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀. Wọn kò bá gbogbo ayé sọ ọ́, àti pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2006 kan ka irú àfetígbọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ NCC kí ẹ tó náwó lórí síkánà rárá, nítorí pé ní àkókò tí ìjínigbé gbòde yìí, ẹni tí wọ́n bá bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru yóò ṣàlàyé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn mi, rédíò kékeré tó ní AM àti ṣọ́ọ̀tì wéèfù ni kí ẹ fi owó yẹn rà, pẹ̀lú ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́, wákàtí, nọ́ńbà àti ohun tí ẹ gbọ́ gan-an sí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣì ń fi káàdì ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kọ̀wé sọ bí òun ṣe gbọ́ wọn. Aago UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé jọ ń lò, ni wọ́n ń fẹ́, èyí tó fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Bí ẹ bá gbọ́ wọn ní agogo mẹ́jọ alẹ́, 19:00 ni kí ẹ kọ.