Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n di ọmọ mú: ìdáhùn fún Ìyá Kúdúsì lórí ọ̀rọ̀ OT

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Ọ̀ffà ni wá, Birmingham la ń gbé. Kúdúsì mi ti pé ọmọ ọdún 6, dókítà ní ọ́tísíìmù ni. Wọ́n ti fún un ní OT (occupational therapy, ìtọ́jú tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti ṣe ohun ojoojúmọ́; OT náà la ń pe ẹni tó ń ṣe é) nílé ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ń rí kò ju pé wọ́n ń gbé e jókòó sórí bọ́ọ̀lù ńlá, wọ́n sì ń bá a fi amọ̀ ṣeré. Kò lè de bọ́tìnnì, kò mú pẹ́ńsùlù dáadáa, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí òun. A fẹ́ wá ṣe Iléyá nílé lọ́dún yìí. Ṣé eré yẹn wúlò? Kí ni kí n ṣe ká tó gbéra?

Ìdáhùn: Ìyá Kúdúsì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ará Ìlọrin lèmi, Leeds la wà, ọmọ tiwa náà ní ọ́tísíìmù.

Eré yẹn lè wúlò, ó sì lè má wúlò rárá; ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ni kí ẹ bi wọ́n. OT máa ń wo ohun tí ọmọ ní láti ṣe láti àárọ̀ títí dalẹ́: kó wọṣọ, kó jẹun, kó wẹ̀, kó kọ̀wé, kó bá ẹgbẹ́ ṣeré. Á tú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, á wá ibi tó ti há, á wá pinnu bóyá ọmọ ló yẹ ká kọ́, àbí nǹkan náà ló yẹ ká tún ṣe, àbí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Tí OT yín kò bá lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé "bọ́ọ̀lù yìí, nítorí kó lè jókòó tó ìṣẹ́jú 10 kó fi kọ orúkọ rẹ̀ ni", ẹ tún béèrè. Jean Ayres, OT ará Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà bọ́ọ̀lù àti jáńgílófà yẹn kalẹ̀, ó sì ti tàn káàkiri. Ṣùgbọ́n ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà sọ pé ẹ̀rí tó wà lórí ẹ̀ kò tíì tó. Èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù ni kí ọmọ máa ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kó mọ̀ gan-an, nílé, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ bọ́tìnnì lẹ fẹ́, orí bọ́tìnnì ni kí ọwọ́ rẹ̀ máa wà.

Ọ̀rọ̀ orí ni mo fẹ́ dúró lé, torí Iléyá tí ẹ dárúkọ. Ọmọ tiwa, nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, wọ́n mú un lọ gérun ní Ìlọrin. Ẹnì kan di ẹsẹ̀ mú, ẹnì kan di ọwọ́, onígbàjámọ̀ di orí. Wọ́n gé e tán, ó sì dán. Láti ọjọ́ náà, tó bá gbọ́ ohùn kílípà, á tọ̀ sára. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, sísọ́ọ̀sì nìkan ló ń gbà, OT sì wà lórí ẹ̀ láti ìgbà náà. Kò sẹ́ni tó fi ìkà ṣe é. Bí wọ́n ṣe gé ti gbogbo wa náà nìyẹn, ta ló sì máa gbé ọmọ lọ sí Yídì pẹ̀lú irun wúruwùru? Ṣùgbọ́n ara ọmọ yẹn ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan: ohùn yìí, wọ́n á dè mí mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà nínú gígé irun lásán. Kílípà ń gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn sì ń gba inú egungun orí lọ sétí. Irin rẹ̀ máa ń gbóná tó bá pẹ́. Irun wẹ́wẹ́ ń já sí ọrùn, ó ń gún un. Wọ́n á wá fi sípírítì nu ibi tí abẹ ti bó. Ọmọ tó jẹ́ pé ìfọwọ́kàn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ń dùn ún lára, ìrora ni gbogbo ìyẹn fún un, kì í ṣe agídí. Láti 2013 ni ìwé DSM tí àwọn dókítà ń lò ti ka irú èyí mọ́ àmì ọ́tísíìmù, nítorí náà tí wọ́n bá ní ẹ ń kẹ́ ọmọ bàjẹ́, ẹ má dá wọn lóhùn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú. Kílípà tí wọn ò tan ni àkọ́kọ́, kó wà lórí tábìlì, kó máa fi ṣeré. Lẹ́yìn náà, kó tan án fúnra rẹ̀, kó pa á fúnra rẹ̀, kó jìnnà sí orí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yìn kílípà tí kò ní abẹ, kó kan orúnkún, kó kan èjìká, kó kan ọrùn, ẹ ka 5, ẹ gbé e kúrò. Ẹ̀yìn etí ló máa gbẹ̀yìn. Ẹ má kúrò níbi kan títí á fi gbà á fún ọjọ́ 3 láìfa orí sẹ́yìn. Tó bá fà á, ẹ padà sí ti àná. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ orí rẹ̀ gbágbáágbá, ẹ má fọwọ́ pa á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Títẹ̀ ló máa ń mú ara ọ̀pọ̀ wọn balẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ní kí onígbàjámọ̀ wá sílé láàárọ̀, kí jẹnẹrétọ̀ má bá kílípà pariwo pọ̀. Kó fi kóòmù sẹ́nu kílípà, kó má fá a dán, abẹ tó kú ló máa ń fa irun tu. Ẹ wọ ẹ̀wù òwú àtijọ́ fún un dípò ọ̀rá tí wọ́n máa ń so mọ́rùn, ẹ fi tówẹ̀lì tútù nu irun kúrò, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ ti sọ fún un kó tó dé pé kó má fi sípírítì nu ún, torí ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn. Ẹ ka 10 sókè, kó gé, kó dúró ní 10 bí irun bá tiẹ̀ ku ìlàjì. Tí ẹ bá ní ẹ máa dúró tí ẹ ò dúró, gbogbo ọ̀sẹ̀ 6 náà ti lọ nìyẹn.

Ti bọ́tìnnì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀wù náà kó wà lórí tábìlì, kó má wà lára rẹ̀. Bọ́tìnnì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, kí ẹ rán an kó ní ọrùn okùn díẹ̀, kí ihò sì gbà á láìfún. Ẹ̀yin ẹ tì í dé ìdajì ihò, kí òun fa ìyókù jáde. Tó bá ń ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀, ẹ fi ìgbésẹ̀ kan sí i sílẹ̀ fún un, títí dé ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ni pé òun ló máa ń parí ẹ̀, ó sì ń rí i pé òun parí ẹ̀. Ẹ ṣe é nírọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú 5. Àárọ̀ tí ẹ ń sáré ilé ìwé kọ́ ni àkókò ẹ̀kọ́.

Ti aṣọ Iléyá, ẹ sọ fún télọ̀ kó fi rọ́bà sí ìbàdí ṣòkòtò dípò okùn, kó má fi gum stay tó le sí ọrùn bùbá, kó sì fi aṣọ òwú rírọ̀ bo ẹ̀yìn iṣẹ́ ọrùn, torí òwú iṣẹ́ yẹn ló ń ha wọn lára. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọ̀ ọ́. Aṣọ òfì, ẹ jẹ́ kó wà fún ọdún mìíràn.

Pẹ́ńsùlù: àga ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń mì láìkanlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní dúró. Ẹ gbé páálí líle sábẹ́ ẹsẹ̀, kí tábìlì ga tó ìgúnpá. Kéréyọ̀nù kúkurú tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4, ìka á fúnra rẹ̀ mú un bó ṣe yẹ torí kò sí àyè fún gbogbo ọwọ́. Ayò ọlọ́pọ́n sì dára gan-an, àwọn bàbá wa ti ń ṣe OT láìmọ̀: kó kó ọmọ ayò 4 sí àtẹ́lẹwọ́, kó máa fi àtàǹpàkò tì wọ́n jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ihò. Iṣẹ́ ìka tí ìkọ̀wé ń fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu, ẹ má gbé e wá.

Ẹ ní kí OT kọ ètò ilé sí ojú ìwé kan pẹ̀lú àwòrán, kí ẹ lè gbé e fún ìyá àgbà ní Ọ̀ffà. Wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ OT ní Ifẹ̀ àti Oshodi ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ẹ máa rí ọ̀kan ní gbogbo àdúgbò. Tí ẹ bá sì ní EHCP (ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ní England ń ṣe fún ọmọ), ẹ wo Section F, ibi tí wọ́n kọ ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ sí: ìṣẹ́jú mélòó, lẹ́ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀, ta ló máa ṣe é. Tí wọ́n bá kàn kọ pé ọmọ á "ní àǹfààní sí" OT, ẹ ò rí nǹkan kan dì mú.

Tí ẹ bá fẹ́ mú un wá wo Dọ́bà, ìwọ́de àwọn ẹlẹ́ṣin, ní Ìlọrin, ìbotí tó ń dín ariwo kù gbọ́dọ̀ ti mọ́ ọn lára nílé kí ẹ tó wá, kí ẹ sì dúró síbi tí ẹ ti lè yà kúrò. Ẹṣin àti ìbọn kì í sọ fún ni tẹ́lẹ̀.

Èdè ńkọ́? Ẹnì kan sọ fún wa níbí, ní ilé ìtọ́jú kan, pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ká máa sọ fún ọmọ. Kò sí ẹ̀rí pé èdè méjì ń ṣe ọmọ ọ́tísíìmù ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ ló sọ̀rọ̀, àwa sì ń wá ìwòsàn, la bá gbà. Ní báyìí, bàbá bàbá rẹ̀ máa ń kì í lórí fóònù, ọmọ á sì kàn máa wo ojú fóònù. Ẹ fi Yorùbá sínú ẹ̀kọ́ bọ́tìnnì yẹn, "tì í", "fà á", "ó ku kan", ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́.

Ti oúnjẹ, mi ò ní sọ púpọ̀, torí tiwa kò tíì yanjú. Ẹ má sáà jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ rọ ọ́ tàbí kí wọ́n dì í nímú dà á sẹ́nu, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé kọnfúléèkì rẹ̀ láti Birmingham, irú èyí tó ń jẹ gan-an. Páálí 3 á tó ọ̀sẹ̀ 2.